Final Fantasy VII: ti 1997 ni àbí Remake? Èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn àbúrò wa, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, pàápàá àwọn tí géèmù bọ́ọ̀lù ti sú tí wọ́n wá fẹ́ géèmù tó ní ìtàn nínú: "Ẹ̀gbọ́n, Final Fantasy VII tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ṣé ti àtijọ́ yẹn ni kí n gbá ni, àbí Remake?" Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kí n tó máa ṣàlàyé. Ti 1997 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò ní ráyè gbá ju ẹyọ kan lọ, ti 97 náà ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn kan wà tí mo máa ní kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ Remake lọ tààrà, mo máa dé ọ̀rọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Ohun méjì tá a fẹ́ fi wéra

Ti àkọ́kọ́ jáde ní Japan ní January 31, 1997, lórí PS1 tá a mọ̀ yẹn, ó sì dé Amẹ́ríkà ní September ọdún yẹn kan náà. Dísìkì 3 ni. Square ló ṣe é, àwọn ló padà da pọ̀ mọ́ Enix ní 2003 tí wọ́n fi di Square Enix. Yoshinori Kitase ló darí ẹ̀, Tetsuya Nomura ló yàwòrán àwọn èèyàn inú ẹ̀, Nobuo Uematsu ló kọ orin ẹ̀. Remake, ìyẹn ti tuntun tí wọ́n tún ti 97 ṣe, wá jáde lórí PS4 ní April 10, 2020. Nomura ló darí ìyẹn, Kitase di ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà látòkè, Kazushige Nojima tí òun àti Kitase jọ kọ ìtàn ti 97 ló tún padà wá kọ èyí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, ó máa wúlò níwájú: àwọn tó ni iṣẹ́ gan-an ló padà sídìí ẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti yí nǹkan padà, ó lójú ohun tí wọ́n ń wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ kí wọ́n tó fowó sílẹ̀ ni pé Remake kì í ṣe odindi ìtàn. Ìlú Midgar nìkan ló wà nínú ẹ̀. Nínú ti 97, bíi wákàtí 6 sí 8 lẹ máa fi gba Midgar kọjá, ìgbà yẹn lẹ máa wá jáde síta tẹ́ ẹ máa rí i pé ayé ṣì ń bẹ lóde tó lọ rẹrẹ. Remake fa wákàtí díẹ̀ yẹn gùn di wákàtí 30 sí 40, chapter 18. Ó dà bíi kéèyàn wọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja ó ń lọ Ẹ̀gbẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà wá dúró ní Ọ̀bájànà, kó mú yín yí gbogbo àdúgbò ibẹ̀ ká, kẹ́ ẹ mọ àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ, kẹ́ ẹ bá wọn jẹun, ó dùn o, ẹnikẹ́ni ò lè ní kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí Kàbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Mọ̀pà àti Ìsánlú. Rebirth tó jẹ́ apá kejì jáde lórí PS5 ní February 29, 2024, ó dé orí kọ̀ǹpútà ní January 2025, apá kẹta ló máa wá parí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá yan ọ̀nà Remake, géèmù mẹ́ta ló yàn, kó yáa ti mọ̀. Ti 97 ní tiẹ̀, ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbá a dópin, bíi wákàtí 40 tẹ́ ò bá yà síbi púpọ̀.

Ìtàn inú ẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Shinra, wọ́n ń fa agbára kan tó ń jẹ́ Mako látinú ilẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tan iná, òun ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà, bẹ́ẹ̀ Mako yẹn ni ẹ̀mí ayé fúnra ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fà á ni ilẹ̀ ń kú lọ. Ní Midgar, àwọn olówó ń gbé lókè lórí irin pẹrẹsẹ ńlá kan, àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé lábẹ́ ẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé. Cloud tó jẹ́ jagunjagun tó ń fi idà ṣiṣẹ́ owó tẹ̀ lé Barret àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, AVALANCHE, lọ fi bọ́ǹbù fọ́ ọ̀kan lára ibi tí Shinra ti ń fa Mako. Ibẹ̀ ni méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí ìpínlẹ̀ wa yìí, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ irin, èédú àti òkúta inú ilẹ̀ láti kékeré, tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí láàárín àwọn tó ń wa nǹkan àti àwọn tó ni ilẹ̀, kò nílò kẹ́nì kan ṣàlàyé fún un ìdí tí inú fi ń bí Barret. Ẹ ṣáà dé Corel, ìlú Barret, ìlú àwọn awàdìí èédú, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbà kí Shinra kọ́ ilé Mako sọ́dọ̀ wọn àti ohun tó gbẹ̀yìn ẹ̀, ọkùnrin yẹn máa yé yín pátápátá. Corel ò sí nínú Remake o. Inú Rebirth ló wà.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ Sephiroth, ọ̀tá ńlá inú ìtàn yìí, torí òun ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé ti 97 ló yẹ kó ṣíwájú. Nínú ti 97, jálẹ̀ Midgar, ẹ ò ní fojú kàn án. Orúkọ ẹ̀ lẹ máa ń gbọ́, wọ́n á ní akọni ni, wọ́n á ní ó ti kú. Lóru ọjọ́ kan nínú ilé Shinra, ẹ máa jí nínú àhámọ́, ẹ máa bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ máa wà nílẹ̀ tó fà lọ títí dórí òkè ilé, ẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ máa bá idà gígùn kan níbẹ̀, ẹni tó ni idà ti lọ. Wọn ò fi ojú ẹ̀ hàn yín, ẹ̀rù ẹ̀ sì ti bà yín. Látibẹ̀ lẹ ti máa máa wá a káàkiri ayé, ibi tẹ́ ẹ bá dé wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Nínú Remake, Sephiroth ti yọ sí Cloud láti chapter 2, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀? Torí wọ́n gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbà pé tẹ́ ẹ bá rí irun funfun gígùn yẹn, ọkàn yín á kọ́kọ́ fò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á kàn máa béèrè pé ta lèyí.

Ọ̀rọ̀ àwọn Whisper tún wà, àwọn òjìji oníbòrí kan tó máa ń rọ́ wá tí ìtàn bá ti fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà tó gbà lọ́dún 1997, wọ́n á fi tipátipá dá a padà. Ẹ rí i báyìí? Géèmù yìí ń bá géèmù àkọ́kọ́ jiyàn. Àwọn tó kọ ọ́ ń bi ẹni tó ti gbá ti 97 pé, ṣé ẹ fẹ́ kó rí bó ṣe rí nígbà yẹn, àbí kó yà síbòmíì? Ìbéèrè tó wọni lára gan-an ni, àmọ́ ẹni tí kò mọ bó ṣe rí nígbà yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ dáhùn? Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbá Remake parí tí wọ́n ní ìparí ẹ̀ ò yé àwọn rárá. Ọpọlọ wọn pé, ibi tí kò yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí dísìkì àkọ́kọ́ ti 97. Tẹ́nì kan ò bá tíì sọ ọ́ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wò ó lórí YouTube, ẹ fi sílẹ̀ kó bá yín lójijì.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ nípa Remake náà, ibi tó ti dáa, ó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Biggs, Wedge àti Jessie, àwọn mẹ́ta inú AVALANCHE, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n sọ nínú ti 97, wọ́n wá kọjá lọ. Nínú Remake wọ́n di èèyàn. Ẹ máa bá Jessie délé àwọn òbí ẹ̀ lókè, ẹ máa rí bàbá ẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ máa wá mọ ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi ń ṣe bọ́ǹbù. Àwọn aládùúgbò Sector 7, àdúgbò kan ní Midgar, náà, ìyá tó ni ilé tí Cloud ń gbé, àwọn ọmọdé tí ológbò wọn sọnù, ẹ máa mọ̀ wọ́n. Nígbà tí Shinra bá wá gbé ọwọ́ ibi dé Sector 7, ó máa dùn yín ju bó ṣe dun àwa tá a gbá ti àtijọ́ lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Ìjà

Ti 97, ẹ máa rìn lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀tá á já lù yín láìjẹ́ pé ẹ rí wọn tẹ́lẹ̀, ojú ìjà á ṣí, ẹ̀yin mẹ́ta ní ọ̀tún, àwọn ní òsì, igi àkókò kan á máa kún níwájú orúkọ oníkálukú, tó bá kún, ẹ yan ohun tó máa ṣe: kó gbá a nídà, kó fi iná jó o, kó wo ẹni tó fara pa sàn. Ìjà ọpọlọ ni, ìka yín ò ní láti yára. Nínú Remake, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń sáré, tẹ́ ẹ̀ ń bẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń gbá idà, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo idán, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo nǹkan á falẹ̀ kẹ́ ẹ ráyè yàn. Ó dùn púpọ̀. Ìjà Remake jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù RPG (géèmù oníìtàn bí irú èyí) kankan, bí Tifa, ọ̀rẹ́ Cloud tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, ṣe ń jà yàtọ̀ sí bí Barret ṣe ń yìnbọn, ọwọ́ yín á mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò yá ní mode kan tí wọ́n ń pè ní Classic, àwọn èèyàn yín á máa jà fúnra wọn, tiyín ni kẹ́ ẹ máa yan àṣẹ, àmọ́ kò rí bákan náà pẹ̀lú ti 97.

Materia wà nínú méjèèjì, àwọn òkúta kéékèèké aláwọ̀ tẹ́ ẹ máa kì bọ ojú ihò ara idà àti ẹ̀gbà ọwọ́, òun ló ń fún yín ní idán. Ti 97 ló fàyè gba yín jù níbí. Ẹ lè so òkúta All mọ́ iná tàbí mọ́ ìwòsàn kó kan gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, tí òkúta kan bá dàgbà tán, ó máa bí òmíì, ẹ lè ní púpọ̀. Nínú Remake, òkúta tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ti di Magnify, ẹyọ kan péré lẹ máa rí jálẹ̀ géèmù, ẹ máa ronú dáadáa lórí ẹni tẹ́ ẹ máa gbé e fún. Àwọn èèyàn tẹ́ ẹ lè lò náà, 9 ni nínú ti 97, méjì nínú wọn, Yuffie àti Vincent, ẹni tí kò bá wá wọn ò ní rí wọn. Mẹ́rin lẹ lè darí nínú Remake. Red XIII, ẹranko kan tó ń sọ̀rọ̀, bá yín jà níparí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè darí ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá dé Rebirth.

Iná, dátà àti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ àwa ará ilé

Ibí yìí gan-an ló ń yan géèmù fún ọ̀pọ̀ wa kí ọkàn tó yàn án. Ti 97 wà lórí fóònù, ti iPhone dé ní 2015, ti Android ní 2016. Ó wà lórí Steam náà, ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ níbẹ̀ bíi dọ́là 12, ó sì wà lórí PS4, Switch àti Xbox. Kò tó GB 5. Láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, èyí tí kò ní káàdì géèmù kankan nínú, á gbé e. Kí iná lọ láti àárọ̀ dalẹ́, fóònù yín ṣáà ní báàtìrì, pàwà báǹkì sì wà, ẹ ń bá géèmù yín lọ.

Remake Intergrade, ìyẹn ẹ̀dà Remake tí wọ́n fi nǹkan kún, lórí kọ̀ǹpútà, GB 100 ni, ó ń fẹ́ RAM 8 ó kéré tán pẹ̀lú káàdì tó tó GTX 780. Rebirth, GB 155 lórí SSD, RAM 16, káàdì RTX 2060. Ẹ fi dátà wa yìí ṣírò ẹ̀, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀ lápá Yàgbà àti Bùnú ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Lọ́kọ́ja tó lè ra dátà òru kó wà á jáde díẹ̀díẹ̀, ó lè ṣe é. Àwa tó kù, dísìkì PS4 ló rọrùn jù.

Nǹkan kan wà tí Remake fi borí níbí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ti 97, àfi tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ṣe fún séèfù tàbí tẹ́ ẹ bá jáde sórí àwòrán ayé ńlá lẹ lè séèfù. Tẹ́ ẹ bá ń gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n tí kò sí ínfátà, tí iná lọ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa tún gbogbo ọ̀nà yẹn rìn. Remake ń séèfù fúnra ẹ̀, ẹ̀yin náà sì lè séèfù níbi púpọ̀ tí kì í ṣe ojú ìjà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé orí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tí báàtìrì ẹ̀ ṣì dáa ni kí wọ́n ti gbá ti 97.

Tó bá jẹ́ ìjà òjijì lójú ọ̀nà ló ń sú yín, ti fóònù ní ibi tẹ́ ẹ ti lè pa á, àwọn ọ̀tá ò ní já lù yín mọ́. Ti PS4 àti Switch tún lè sáré ní ìlọ́po 3. Ẹ má pa ìjà yẹn ní gbogbo ìgbà o, torí ibi ìjà ni agbára yín ti ń dàgbà, ẹni tó bá sá fún un títí, ìjà ńlá àkọ́kọ́ níwájú á ká a mọ́.

Ojú àti etí

Kò sí ìfiwéra tó gùn níbí. Ojú ti 97 ti gbó. Àwọn èèyàn inú ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rìn, ọwọ́ wọn dà bíi pákó onígun mẹ́rin, wọn ò ní ẹnu, wọn ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ka gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi túmọ̀ ẹ̀ níbì kan ò dáa, gbólóhùn "This guy are sick" tí gbogbo ayé mọ̀ wà nínú ti PS1. Orúkọ Aerith, ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó nínú ìtàn náà, gan-an, Aeris ni wọ́n kọ. Àmọ́ àwọn àwòrán ẹ̀yìn tí wọ́n yà fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ wò wọ́n dáadáa, ṣọ́ọ̀ṣì tí òdòdó hù sí láàárín ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, wákàtí kan ò tó láti wò ó. Remake ní tiẹ̀ mọ́ bíi sinimá, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan, ẹ lè gbé e sí pálọ̀ kí gbogbo ilé máa wò. Orin, Uematsu fi ohùn kékeré inú PS1 ṣe nǹkan tí mi ò lè gbàgbé, Masashi Hamauzu àti Mitsuto Suzuki wá fi ọ̀pọ̀ ohùn èlò gidi tún un kọ nínú Remake. Níbi orin, mi ò lè yàn. Méjèèjì ni.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù lásán, tẹ́ ẹ fẹ́ ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ti 97, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PS4 tàbí PS5 nílẹ̀, tẹ́ ẹ sì ní sùúrù, ti 97 kẹ́ ẹ tó mú Remake, lẹ́yìn náà Rebirth tó bá jẹ́ PS5 lẹ ní, torí kò sí lórí PS4. Ọ̀nà yìí ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀, gbogbo ohun tí Remake ń sọ lẹ máa gbọ́.

Ẹni tí mo máa ní kó mú Remake tààrà ni ẹni tó ti gbìyànjú géèmù oníyíyan àṣẹ rí tó mọ̀ pé òun ò lè fara dà á, ẹni tí kíkà púpọ̀ lójú fóònù ń dun ojú ẹ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá géèmù níwájú àwọn àbúrò tàbí àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ jókòó wò, torí ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa ò lè gbádùn ti 97. Ẹ kàn wá ẹnì kan tó mọ ìtàn àkọ́kọ́ kó máa sọ díẹ̀díẹ̀ fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ní PS5, Intergrade tó jáde ní June 2021 ni kẹ́ ẹ mú, ó ní apá ti Yuffie nínú.

Tó bá jẹ́ dísìkì tòkunbọ̀ Remake ti PS4 lẹ fẹ́ rà ní Lọ́kọ́ja tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ike ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Dísìkì 2 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan fún dátà, ọ̀kan fún gbígbá, tí ti dátà ò bá sí, ẹ ò lè gbé géèmù yẹn sórí ẹ̀rọ rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ń ronú láti gbé e lọ sórí PS5 lọ́jọ́ iwájú, ẹ rí i pé PS5 tó ní ojú dísìkì lẹ máa rà.